Bọ́ọ̀lù Olókùn àti Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Ẹlẹ́sẹ̀ Lásán

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1949, ọkọ̀ ojú omi ilé iṣẹ́ Elder Dempster kan kúrò ní Èkó, ó dorí kọ Liverpool. Apapa ni orúkọ tí wọ́n kọ sí ara ọkọ̀ náà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù 18 wà nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà kó jọ tó sì rán lọ sí ìlú òyìnbó. Etim Henshaw ni balógun wọn. Sam Ibiam ni aṣọ́lé. Dan Anyiam wà níbẹ̀, Titus Okere wà níbẹ̀, Tẹ̀sílímì Balógun tí àwọn èrò ìwòran ń pè ní Thunder náà wà níbẹ̀. John Finch, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Fulham rí, ni olùkọ́ wọn.

Àwọn ìwé ìròyìn òyìnbó ya fọ́tò wọn gan-an lọ́dún náà. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ọ̀kan nínú fọ́tò wọ̀nyẹn, ẹsẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Báńdéèjì ni wọ́n fi di ọrùn ẹsẹ̀, ìka ẹsẹ̀ sì wà níta gbangba. Ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn gbé lọ bá àwọn tó ń wọ bàtà líle. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, wọ́n bá ẹgbẹ́ kan ní Crosby lẹ́bàá Liverpool gbá bọ́ọ̀lù, Marine ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì nà wọ́n ní 5 sí 2. Mẹ́sàn-án ni gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n gbá níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá, wọ́n sì fi 2 sí òdo borí Sàró. Ìyẹn ni àwọn òpìtàn kà sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá.

Iṣẹ́ bàtà ni mo ń ṣe ní Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó, nítòsí Boundary. Mo ń rán bàtà, mo ń rán báàgì, mo sì ń rán bọ́ọ̀lù tó ya. Nídìí iṣẹ́ yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kó ohun èlò bọ́ọ̀lù àtijọ́ jọ: bọ́ọ̀lù aláwọ, bíládà rọ́bà, abẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n fi ń fa okùn, bàtà bọ́ọ̀lù tó ti gbẹ bí igi, àti fọ́tò. Fọ́tò ló pọ̀ jù, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn àgbà tí mo ń wá ìtàn wọn kò fi bàtà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọn kò wọ̀ ọ́. Ohun tó kù tó lè jẹ́rìí sí ẹsẹ̀ wọn ni pépà tí wọ́n tẹ àwòrán wọn sí, pépà náà kò sì lè sọ̀rọ̀ bí ẹnì kan kò bá kọ orúkọ sí i lẹ́yìn.

Àpápá tó múlé ti Ajégúnlẹ̀ mọ agbára pépà. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ńlá ní Àpápá, wọ́n sì sọ pé Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, kò ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-máà-bínú tó kún. Olúwa kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ àgbà tí wọ́n ń pè ní Privy Council dá a láre pé àwọn tó ni ilẹ̀ ló ni ilẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ fún wọn bó ti yẹ. Lọ́dún kan náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí èbúté Àpápá, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí gúnlẹ̀ sí ibùdókọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1926. Èbúté yẹn ló fa òṣìṣẹ́ wá láti ibi gbogbo. Àwọn tí owó wọn kò ká ilé ní Àpápá ń gbé lẹ́yìn ibẹ̀, ní Ajégúnlẹ̀: Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá, olúkúlùkù pẹ̀lú èdè àti oúnjẹ tirẹ̀.

Bọ́ọ̀lù ti wọ Nàìjíríà ṣáájú èbúté yìí. Ní 1904, àwọn ọmọ ilé ìwé Hope Waddell ní Kálábà bá àwọn atukọ̀ HMS Thistle gbá a, wọ́n sì borí wọn. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ibi iṣẹ́ ló sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn. Ẹ̀ka tí ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi ìjọba ní ẹgbẹ́, Marine ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe Marine ti Crosby. Rélùwéè ní ẹgbẹ́. Ọlọ́pàá ní ẹgbẹ́. Nnamdi Azikiwe tó ni ìwé ìròyìn West African Pilot dá Zik's Athletic Club sílẹ̀ ní 1938, kí ọmọ Nàìjíríà lè ní ibi eré tirẹ̀ tí òyìnbó kò ní lé e kúrò. Nígbà tí ìdíje Ife Gómìnà bẹ̀rẹ̀ ní 1945, tí a wá mọ̀ sí Challenge Cup lẹ́yìn náà, Marine ló kọ́kọ́ gbà á, Rélùwéè sì gbà á tẹ̀lé e ní 1946. Ọmọ ẹgbẹ́ Marine ni Etim Henshaw tó wá di balógun ní 1949. Láàárọ̀, ọkùnrin wà lẹ́nu iṣẹ́. Nírọ̀lẹ́, ó wà lórí pápá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣe kí n tó béèrè ẹgbẹ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún. Bí mo bá ti mọ ibi iṣẹ́, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ẹ̀wù tó wọ̀.

Bọ́ọ̀lù ni mo fi ń mọ ọjọ́ orí fọ́tò. Nínú fọ́tò ẹgbẹ́ àtijọ́, wọ́n máa ń gbé bọ́ọ̀lù sáàárín àwọn tó jókòó, tàbí kí balógun gbé e lé orúnkún. Ẹni tí kò mọ awọ yóò rí nǹkan róbótó kan. Èmi a wo ẹnu rẹ̀. Bọ́ọ̀lù olókùn ní ẹnu gígùn kan, níbi tí wọ́n ti máa ń ti bíládà wọlé. Wọ́n á fẹ́ bíládà náà títí yóò fi le, wọ́n á fi òwú di ọrùn rẹ̀ pinpin, wọ́n á ká ọrùn náà wọ abẹ́ awọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ńlá fa okùn awọ gba inú ihò bí a ti ń fa okùn bàtà. Bí okùn náà kò bá tẹ́, bọ́ọ̀lù yóò máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ lórí ilẹ̀. Ẹni tó bá fi orí kàn án níbi okùn, iwájú orí rẹ̀ á bó. Mo ti fi ọwọ́ kan àpá irú ìbó bẹ́ẹ̀ níwájú orí àgbàlagbà kan ní Olódì Àpápá. Ó ní òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ òjò kì í ṣe kékeré. Awọ máa ń mu omi. Òfin bọ́ọ̀lù láti 1937 ni pé kí bọ́ọ̀lù wọn ìwọ̀n ounce 14 sí 16 kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Òfin kò sọ ohun tí yóò wọ̀n lẹ́yìn wákàtí kan nínú ẹrẹ̀ Èkó. Àwọn olùtọ́jú bọ́ọ̀lù ń fi ọ̀rá ra awọ rẹ̀ kí omi má bàa tètè wọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀lù kan wà lọ́dọ̀ mi tí ọ̀rá náà ti wọ inú rẹ̀ lọ títí awọ fi dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Ẹyọ awọ 18 ni wọ́n rán pọ̀ láti fi ṣe é, mẹ́ta mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Rírán rẹ̀ wú mi lórí: láti inú ni wọ́n ti rán an, òwú tí wọ́n fi ìda pa, abẹ́rẹ́ méjì tó ń kọjá lára ara wọn nínú ihò kan ṣoṣo. Lẹ́yìn tí wọ́n rán an tán, wọ́n yí i padà síta gba ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ tó rán bọ́ọ̀lù yẹn kò kánjú.

Nítorí náà, bí fọ́tò bá ní bọ́ọ̀lù olókùn, mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò ní okùn, tí ihò kékeré kan wà fún pọ́ńpù, mo sún ọjọ́ rẹ̀ wá síwájú. Bí ó bá jẹ́ dúdú pẹ̀lú funfun, ẹyọ dúdú 12 onígun márùn-ún àti ẹyọ funfun 20 onígun mẹ́fà, ó ṣeé ṣe jù kó jẹ́ ẹ̀yìn ìdíje àgbáyé 1970. Bọ́ọ̀lù mìíràn tún ń fúnra rẹ̀ sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Fọ́tò kan wà lọ́wọ́ mi tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ 1951 sára bọ́ọ̀lù níwájú ẹgbẹ́. Lára àwọn tó jókòó, àwọn kan wọ bàtà tó ga dé kókósẹ̀, àwọn kan wà lẹ́sẹ̀ lásán, gbogbo wọn sì di apá mọ́ àyà bákan náà. Bàtà ìgbà yẹn, awọ líle ni, imú rẹ̀ dà bí páálí. Awọ kékeré róbótó ni wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má bàa máa yọ̀. Ẹni tó ti fi ìka ẹsẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù láti kékeré, bàtà bẹ́ẹ̀ yóò jọ ìyà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn-àjò 1949 ni bàtà bẹ̀rẹ̀ sí borí. Titus Okere lọ sí Swindon Town ní 1953. Tẹ̀sílímì Balógun lọ sí Peterborough United ní 1955, ó sì dé Queens Park Rangers lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá fẹ́ rí orúkọ Balógun lónìí, kó lọ sí pápá ìṣeré Sùúrùlérè tí wọ́n fi sọrí rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní irú ìtàn yìí pẹ̀lú eré baseball tiwọn. Àwọn tó kọ́kọ́ gbá a ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gba bọ́ọ̀lù líle náà, ìka wọn sì ń ṣẹ́. Ní nǹkan bíi 1875, Charles Waitt wọ ìbọ̀wọ́ awọ kan ní pápá. Ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yan èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jọ awọ ara, kí èrò má bàa rí i. Albert Spalding ló kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ẹni tí òun náà gbá eré ọ̀hún tó sì di olówó nídìí títa ohun èlò rẹ̀. Spalding kó ìwé, lẹ́tà àti fọ́tò àwọn òṣèré ìgbà náà jọ nígbà tí púpọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn tó kú, ìyàwó rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ fún ilé ìkàwé gbogboogbò ìlú New York ní 1921. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé eré náà ṣí ní Cooperstown ní 1939. Lónìí, káàdì kékeré tí wọ́n ń fi sínú páálí sìgá ní bíi 1887, tí fọ́tò agbábọ́ọ̀lù kan wà lára rẹ̀, ń lọ sí gbàǹjo, àwọn olówó sì ń du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Káàdì náà níyì nítorí pé orúkọ wà lára rẹ̀: orúkọ ẹni, orúkọ ẹgbẹ́, ibi tó máa ń dúró sí nínú eré. Ilé iṣẹ́ sìgá tẹ orúkọ náà kí ọjà wọn lè tà, ṣùgbọ́n ó ti gba òkú là lọ́wọ́ ìgbàgbé. Nílé wa níbí, ayàwòrán kò wọ́n. George da Costa tó ti bójú tó ilé ìtàwé CMS rí ti fi iṣẹ́ fọ́tò ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní Èkó láti 1895. Walwin Holm láti Accra ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ síbí ní 1896. Ó di àṣà pé kí ẹgbẹ́ tó gba ife lọ ya fọ́tò, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀dà kan, kó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Orúkọ ni kò wọ́pọ̀. Ta ni yóò kọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n?

Àdúgbò yẹn ti tú ká. Omi ń wọ ilé ní Ajégúnlẹ̀ lọ́dọọdún bí òjò bá le, fọ́tò tí omi bá kàn sì máa ń lẹ̀ mọ́ dígí rẹ̀. Ikán ń jẹ páálí ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gbé kọ́ sára ògiri tútù yóò bu láti igun wá sáàárín. Ṣùgbọ́n ìsìnkú ló ń ba fọ́tò ẹgbẹ́ jẹ́ jù. Bàbá kan kú, àwọn ọmọ ń wá fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀ fún ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n rí ti ẹgbẹ́, wọ́n fi síṣọ́ọ̀sì gé ojú bàbá wọn jáde. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé irú èyí wá sí ìsọ̀ mi, ihò róbótó láàárín ìlà iwájú.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ̀ ń ra fọ́tò bọ́ọ̀lù. Bàbá wa ni a gé jáde níbẹ̀.”

Mo ní, “Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àwọn tó kù ńkọ́, ta ni wọ́n?”

“A ò mọ̀ wọ́n, sà.”

Àwọn ọkùnrin tó kù sì jókòó síbẹ̀, ara wọn pé, wọn kò ní orúkọ.

Mo gba fọ́tò náà. Mo gbé e tọ bàbá kan lọ tó ti ṣiṣẹ́ ní Nigerian Ports Authority, àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ ṣì mọ́ kedere. Ó gbé e sún mọ́ fèrèsé. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì. Èyí ń wa kíréènì. Èyí akọ̀wé ni, ọmọ Kálábà, kì í jẹ ẹran kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Èyí Ìjọ̀ ni, ó lè lúwẹ̀ẹ́ ju bó ṣe lè sáré lọ. Òmíràn, ìnagijẹ orí pápá nìkan ló rántí fún un. Nígbà tó dé ibi ihò náà, ó dárúkọ òkú láìbéèrè. Ìjókòó ló fi mọ̀ ọ́n: ó ní ẹni yẹn kò jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún balógun. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún sọ ohun kan tí fọ́tò kò lè fi hàn mí: pé pupa ni ẹ̀wù tí Nàìjíríà ń wọ̀ kí òmìnira tó dé. Pupa, nínú fọ́tò dúdú àti funfun, kò yàtọ̀ sí eérú. Láìsí ẹni tó rí i, àwọ̀ náà ì bá ti sọnù.

Ajégúnlẹ̀ ṣì ń bí agbábọ́ọ̀lù. Pápá tí wọ́n fi orúkọ Maracanã ti Brazil sọ wà láàárín wa, iyanrìn rẹ̀ kò sì sinmi. Ọmọ ibí ni Samson Siasia tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Argentina nínú ìdíje àgbáyé 1994. Ọmọ ibí ni Odion Ighalo tí bọ́ọ̀lù 5 tó gbá wọlé ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà 2019 kò ní ẹlẹ́gbẹ́ lọ́dún náà. Inú mi ń dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ti ń tọ́jú àwọn yẹn. Nínú ẹgbẹ́ àdúgbò kọ̀ọ̀kan, bí ẹnì kan bá di olókìkí, ẹni mẹ́wàá ló kù tó gbá bọ́ọ̀lù fún un kó tó gbá a wọlé. Ọ̀kan ń wakọ̀ tírélà ní Wharf Road, ọ̀kan ń ta ohun èlò iná, ọ̀kan ti kú. Nítorí àwọn mẹ́wàá yẹn ni mo ṣe ń kó fọ́tò jọ. Eré bọ́ọ̀lù Àpápá kì í ṣe ti ẹnì kan rí. Ọ̀pọ̀ èdè ló kóra jọ sórí ìjókòó kan ṣoṣo, fọ́tò ẹgbẹ́ sì ni ẹ̀rí tó dájú jù tí a ní pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Nítorí náà, mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wà nílé rẹ̀. Ẹ má fi síṣọ́ọ̀sì kàn án. Ayàwòrán òde òní lè fi fóònù ya ojú bàbá yín jáde lára rẹ̀ láìgé ohunkóhun. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri tó ń tutù. Ẹ má lẹ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù mọ́ ọn, nítorí ooru ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ ń ba á jẹ́, ẹ kò sì ní lè ká a kúrò mọ́. Ẹ fi pẹ́ńsù tó rọ̀ kọ̀wé sí i lẹ́yìn, kì í ṣe bírò, nítorí pé bírò máa ń yọ síwájú. Láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ kọ ọ́, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì: orúkọ, iṣẹ́, ìlú tó ti wá, ibi tó máa ń dúró sí lórí pápá. Ẹni tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá àgbà tó mọ̀ ọ́n, lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún. Mo sì ń bẹ àwọn tó ń ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀ wa àti àwọn ilé ìwé tó wà ní Tolu pé kí wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀, ibi gbígbẹ tó ní kọ́bọ́ọ̀dù, tí a lè kó ẹ̀dà wọn sí, kí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Maracanã lè wá wo àwọn tó gbá a ṣáájú rẹ̀. Mo ṣe tán láti gbé tèmi wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, bọ́ọ̀lù olókùn náà yóò sì bá a wá.